Isaura Tó Rẹ́ Igi Bí Ẹni Rẹ́ Ògiri

Ní Agua Mansa, abúlé wa, bí o bá fẹ́ mọ ilé tí Isaura Maes rẹ́, fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri rẹ̀. Bó bá jọ̀lọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ìkókó, òun ni. Lọ́dọ̀ wa lórí òkè, ọkùnrin ló ń mọ ilé, obìnrin ló ń rẹ́ ẹ. A ó po ẹrẹ̀ mọ́ koríko gbígbẹ, a ó fọwọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, a ó sì fi awọ àgùntàn nu ún títí á fi dán. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe é nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Isaura ń ṣe é bí ẹni ń wẹ ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá tirẹ̀ àti ìyá tèmi jọ mu ọmú kan náà. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: obìnrin náà lágídí. Celedonio, ọkọ mi, dán an wò lọ́dún kan, ó ní ilé ìdáná wa kò nílò rírẹ́ lọ́dún yẹn. Isaura wo ògiri, ó wo Celedonio láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà ò nílò wíwẹ̀ lọ́dún yìí ni?"

A rẹ́ ilé ìdáná náà.

Ohun tó kórìíra jù láyé ni ihò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Isaura nìkan ló ń bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó lè dí ihò lára ilé ẹni tí kò pè é. Bí o bá bá a lẹ́nu ìlẹ̀kùn rẹ láàárọ̀, tó ń fi àtàǹpàkò ti ẹrẹ̀ wọ inú ògiri, kò ní kí ọ títí iṣẹ́ náà á fi parí.

Bàbá rẹ̀, Tranquilino, ni ihò kan ṣoṣo tí kò rí dí. Darandaran ni. Àwọn darandaran wa ní àṣà kan: bí wọ́n bá kó àgùntàn gòkè, wọ́n á fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa orúkọ wọn sára igi àlámò, nítorí pé èèpo rẹ̀ funfun, ó sì rọ̀. Ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ náà á dúdú. Bí igi bá ṣe ń sanra, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà náà á máa fẹ̀, débi pé ohun tí wọ́n fà bí okùn á tó ìka ọwọ́ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Nígbà tí Isaura ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín, wọ́n ní iṣẹ́ àgùntàn wà ní àríwá, ní Wyoming. Kí Tranquilino tó lọ, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó gbé e lọ sínú igbó àlámò tó wà lókè abúlé, ó sì fa orúkọ ara rẹ̀ sára igi kan lójú ọmọ náà. Ó ní, "Tí o bá ti ń rí orúkọ yìí, mọ̀ pé mo wà."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni. Isaura ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Tranquilino ò padà wá. Àwọn kan ní yìnyín ló bò ó mọ́lẹ̀, àwọn kan ní obìnrin ni. Ìyá Isaura dúró dè é títí òun náà fi kú. Isaura ń bá dídúró náà lọ, bí ẹní jogún ilẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbàdúrà òkú fún Tranquilino létí rẹ̀. Ẹnu tèmi kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, nítorí náà mo máa ń sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká pe òkú ní òkú. Bàbá yín ti kú."

"O ti rí òkú ẹ̀?"

"Níbo ni n óò ti rí i?"

"O rí orúkọ ẹ̀ lára igi?"

"Mo rí i."

"Ó ti parí nìyẹn, Belarmina."

Lẹ́yìn náà kò ní ra ẹyin lọ́wọ́ mi mọ́ títí inú rẹ̀ á fi rọ̀. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi tí adìẹ rẹ̀ ń yé ẹyin bíi ti ẹyẹlé ló ń lọ rà á, kí ó lè dùn mí. Ó sì máa ń dùn mí.

Igbó àlámò yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yára. Ewé rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí afẹ́fẹ́ ò tilẹ̀ sí, ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì dà bí ẹni pé ara àwọn igi ló ti ń wá. Bí o bá jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, oorun á gbé ọ lọ díẹ̀, á tún gbé ọ bọ̀, láìjẹ́ pé o di ojú rẹ. Mo ti bá Isaura níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn iṣẹ́. Á fi ẹ̀yìn ti igi bàbá rẹ̀, ẹrẹ̀ á ti gbẹ sí i lápá dé ìgúnpá, ojú rẹ̀ á là, kò sì ní rí mi. Mi ò ní pè é. Èmi náà á jókòó. Kò pẹ́ tí n óò fi gbàgbé ohun tí mo bá wá, ìbínú mi gan-an á máa sá lọ, èmi tí kì í jẹ́ kí ìbínú lọ lásán.

Nígbà ìrúwé kan, ìró kan bẹ̀rẹ̀ lókè náà. Àkókó ni, èyí tí ọrùn rẹ̀ pupa, tó ń mu oje igi. Ìró kíkan rẹ̀ kò dọ́gba bíi ti àkókó yòókù. Á yára níbẹ̀rẹ̀, á wá máa falẹ̀, kó, kó, títí á fi dákẹ́, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tán tó ń rò ó bóyá wọ́n fẹ́ rí òun nínú ilé. Àárọ̀ ọjọ́ kan, Isaura gbọ́ ọ lójú oorun. Ó dìde pẹ̀lú aṣọ oorun, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì ní, "Ẹ wọlé, Bàbá." Òtútù nìkan ló wọlé. Ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín, mo sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú àwa méjèèjì.

Ó gòkè lọ wò ó. Ẹ̀rín náà tán. Igi bàbá rẹ̀ gan-an ni àkókó ń gbẹ́. Lábẹ́ orúkọ náà, ó ti lu ihò wẹ́wẹ́ sára èèpo ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, oje sì ń sun nínú wọn. Láàárín orúkọ náà fúnra rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilé tí yóò yé ẹyin sí.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sílé wa pẹ̀lú ìbínú. Celedonio ń mu kọfí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbọn mi wà níbí o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa sọ."

"Ìwọ tó yìnbọn sí ajáko, tó jẹ́ garawa Belarmina ló bà?"

"Garawa yẹn ló ń mira, ẹ̀gbọ́n."

"Jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò bá ẹyẹ jà. Ihò ni mo ń bá jà, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ihò."

Ó po ẹrẹ̀. Mo fi ojú mi rí i: obìnrin tó ti kọjá ọgọ́ta ọdún gun àkàbà, ó ń rẹ́ igi. Ó fi ẹrẹ̀ dí ilé àkókó, ó fi dí ihò oje, ó sì fi awọ àgùntàn nu gbogbo rẹ̀ títí ó fi dán. Oòrùn mú, ẹrẹ̀ gbẹ, ó bọ́ sílẹ̀. Àkókó padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Igi kì í ṣe ògiri," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Ara ni. Oògùn ló fẹ́."

Oògùn ara lọ́dọ̀ wa ni oje igi páìnì, tó máa ń lẹ̀ bí àtè. Bí ẹ̀gún bá há sí ọ lẹ́sẹ̀, oje páìnì ni. Bí ọgbẹ́ bá kọ̀ tí kò jiná, oje páìnì ni. Nígbà tí eyín Celedonio ń dùn ún, ó fi oje páìnì sí i, kò sì lè la ẹnu títí di ọjọ́ kejì, ìsinmi tí mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ìgbéyàwó mi. Isaura yọ́ ìkòkò oje kan lórí iná. Ó fi kun gbogbo ihò tó wà lára igi náà, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, ó sì kun orí lẹ́tà bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yẹ̀rì.

"Ọgbẹ́ yín máa jiná báyìí, Bàbá."

Mo bá a gbé àkàbà náà lọ sílé.

Nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí a ti kó aṣọ òtútù sápò, yìnyín bọ́ lójijì. Kò ṣàjèjì sí wa. Ó bo àwọn òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó bo igi kéékèèké tó wà létí odò, ó sì dúró. Isaura ní a gbọ́dọ̀ gòkè lọ wò bóyá oje náà ṣì dì mọ́ ara igi. Mo fi àkàrà ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ wé ẹ̀wà àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, mo dì í sínú aṣọ, mo ń kùn, mo sì ń tẹ̀lé e.

Ẹ ò tíì rí ibi tó dákẹ́ bíi ti ọjọ́ yẹn. Igi funfun, ilẹ̀ funfun, ojú ọ̀run funfun, èèyàn ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Mo rò pé mò ń lálàá. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni mo gbọ́ ìyẹ́ tó ń kùn bíi ti oyin. Àwọn ẹyẹ bíńtín tí ń mu omi òdòdó ti dé láti gúúsù ṣáájú yìnyín, òdòdó ò sì sí mọ́. Wọ́n ń rà bàbà níwájú igi Tranquilino, níbi tí ihò oje wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á fi ẹnu tín-ín-rín wá ihò, wọ́n á fà sẹ́yìn. Àwọn ẹyẹ mìíràn wà lórí ẹ̀ka, wọ́n wú ìyẹ́ wọn, wọ́n ń retí. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan pàápàá sọ̀ kalẹ̀, ó lá ara igi, ó sì tutọ́.

Àkókó náà wà níbẹ̀. Ó ń lọ láti ihò kan sí èkejì, ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, bí ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn gbogbo ilé rẹ̀ mọ́ níta. Gbogbo àwọn yòókù sì ń wò ó.

"Belarmina," ni Isaura wí, "kí ni wọ́n ń wá?"

"Oúnjẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Lẹ́yìn náà la rí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹyẹ bíńtín kan, àyà àti ìyẹ́ apá kan ti há sínú oje páìnì. Kò jà mọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣí tó ń pa dé.

Isaura ò jáfara. Ó gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó fi ìka gé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó mí sí i títí ó fi yọ́, ó sì ń fi í pa yí ẹyẹ náà ká díẹ̀díẹ̀. Oje páìnì kì í gbọ́ ti omi, ọ̀rá ló ń gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá ti kó o sí irun rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ náà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó kó o sínú àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó.

"Ó ń mí," ó wí nígbà tó yá. "Àyà ẹ̀ ń lù ju tèmi lọ."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Òtútù ń mú mi."

"Fún mi ní ọ̀bẹ ẹ."

Mo fún un. Mo rò pé ó fẹ́ gé àkàrà jẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ń ha oje páìnì kúrò lára ihò wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ṣí wọn lẹ́nu. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ dí ihò. Nígbà tó tó orúkọ náà, ó gun òkúta, ó ti ọ̀bẹ sábẹ́ oje, ó fà á. Èèpo bá a wá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ odindi, ó ṣubú sórí yìnyín.

Mo pariwo. "Ẹ̀gbọ́n! Orúkọ náà ń bá oje bọ́!"

"Mo rí i."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ nígbà náà! Ihò ìsàlẹ̀ ti tó wọn!"

"Ilé àkókó ńkọ́? Níbo ló máa yé sí?" Kò yíjú sí mi. "Wá wo nǹkan, Belarmina. Fi ọwọ́ kàn án."

Mo gun òkúta náà. Mo fi ọwọ́ kàn án. Lábẹ́ ibi tí lẹ́tà ti bọ́, inú igi náà rọ̀ bíi búrẹ́dì. Olú líle kan, tó rí bíi pátákò ẹṣin, ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan, a kàn ń fi fìlà kọ́ ọ ni. Olú ló jẹ inú igi rọ̀. Ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ darandaran sì ni olú gbà wọlé. Àkókó ò lè gbẹ́ igi tí inú rẹ̀ le, bí ó ti wù kí ó kàn án tó. Ó ti kan gbogbo igbó, ó sì ti mọ èyí tó dáhùn.

"Bàbá mi ló la igi yìí lẹ́nu," ni Isaura wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹyẹ ò ṣe nǹkan kan. Bàbá mi ló ṣílẹ̀kùn fún un."

Ó tún ọ̀bẹ mú. Ó ha orúkọ náà títí ó fi tán. Mo dúró tì í, mo ń sunkún bí ẹni tí wọ́n nà, nítorí mo mọ ohun tó ń gé, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí pé kí ó gé e. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ lójú mi, mi ò fẹ́ ẹ mọ́.

A fà sẹ́yìn. Àkókó padà wá kí a tó jìnnà. Ó kan ihò kan, ó kan èkejì, oje sun. Ó mu, ó kúrò níbẹ̀, ẹyẹ bíńtín kan bọ́ sí ibẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà àwọn tó wú ìyẹ́. Isaura tú àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó ṣí ọwọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ jókòó díẹ̀, ó gbọn ara, ó sì lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Celedonio, ó ní, "Ṣé wọ́n ní àkókó ń fọ́nnu pé òun á gbẹ́ odó, ta ni yóò fi odó àkókó gúnyán? Ó mà gbẹ́ ẹ nìyẹn, gbogbo igbó ló sì ń jẹ níbẹ̀." Kò tún sọ̀rọ̀ ìbọn mọ́.

Yìnyín yọ́. Ewé àlámò yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Isaura padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń rẹ́ ilé, kò sì gòkè. Mi ò bi í. Ó ń ra ẹyin lọ́wọ́ mi láìsí ìjà, ìyẹn sì ń dẹ́rù bà mí.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ní kí a lọ. A gbọ́ ọ kí a tó rí igi náà. Ìró kan ń jáde, kò ga, kò sì dáwọ́ dúró, bí omi tó ń hó nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Ọmọ àkókó kì í dákẹ́. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni wọ́n ń ké pé ebi ń pa wọ́n. Láàárín ibi tí orúkọ wà rí, ihò róbótó kan wà, àkókó náà àti ẹnìkejì rẹ̀ sì ń wọlé, wọ́n ń jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú ihò tí àkókó mìíràn ti gbẹ́ sára igi kejì tó sì fi sílẹ̀, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti gba ilé.

Isaura lọ gbé etí lé ara igi. Ó pa ojú dé. Mo rí i tí ìró náà ń wọ̀ ọ́ lára, èjìká rẹ̀ ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ara rẹ̀ fi sinmi lé igi náà. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ewé ń gbọ̀n lórí wa, ìmọ́lẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, mi ò mọ̀ bóyá wákàtí kan ni tàbí gbogbo ọ̀sán.

"Belarmina."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ti pẹ́ tó ti kú, àbí?"

Èmi tí mo ti ń sọ ọ́ fún un láti ìgbà èwe, lójú ọ̀nà, nídìí iná, nígbà ìjà àti nígbà àlàáfíà, mo kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé, kò lè rí mi, ó sì mọ̀.

"Ó ti kú," ó wí. "Bàbá mi ti kú."

A sọ̀ kalẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà wa ló dúró, ojú ń tì í bí ọmọdé, ó ní ṣé mo lè yá òun ní ẹ̀wù dúdú, òun ò ní. Kò sí obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ ní Agua Mansa tí kò ní ẹ̀wù ọ̀fọ̀, àfi òun nìkan. Ẹ̀wù tèmi gba irú rẹ̀ méjì. Mo ní kí ó dúró sójú fèrèsé, mo kó abẹ́rẹ́ ìkọ́ṣọ sẹ́nu, mo sì ń fún un mọ́ ọn lára láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bá a mu.